Dumps Ni Mò Ń Tẹ̀ Tà: Ẹ̀rí Mi Lórí Ìwé Ìdánwò Linux

Mo fẹ́ jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí mi yìí kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gba máìkì sọ níwájú ìjọ. Apá kejì rẹ̀ dùn létí: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti ìtẹ̀wé ní D-Line ní Port Harcourt, ló jókòó ṣe ìdánwò Linux, tó sì yege. Apá kìíní ni mi ò tíì lè sọ létí pásítọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dumps ni mò ń tẹ̀ tà.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ìdánwò ni, tí àwọn kan jí gbé jáde, tí wọ́n to ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á kiri. Ẹni tó bá há a sórí lè yege láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Gbogbo àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kọ̀ǹpútà ló kà á léèwọ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn jókòó, yóò gbà pé òun kò ní tú ìbéèrè síta, wọ́n sì lè gba ìwé ẹ̀rí padà lọ́wọ́ ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú. Mo mọ gbogbo èyí. Èmi náà ni mo máa ń tẹ àdéhùn ọ̀hún fún àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ kà á, màá sì tún tẹ dumps fún wọn tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá mọ Port Harcourt yóò mọ D-Line. Téèyàn bá ti Garrison wọlé, àwọn òpópónà bíi Kaduna, Emekuku, Ohaeto, Orominike àti Khana ló máa bá, níbi tí ilé gbígbé àti ìsọ̀ ti wọnú ara wọn: télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì lọ́yà, oníbọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àárín wọn lèmi náà wà pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi àti àwọn kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ orí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àkọ́bí mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, MCSE ló gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ epo gbà pé láìsí ìwé ẹ̀rí Microsoft, lẹ́tà wọn kò ní kọjá tábìlì akọ̀wé. Ìdánwò 70-290 àti 70-291, ti Windows Server 2003, ni wọ́n ń béèrè jù lọ́wọ́ mi. Màá wá a jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, màá tẹ̀ ẹ́ níwájú-lẹ́yìn, màá fi wáyà dì í, màá fi rọ́bà tín-ín-rín bo ojú rẹ̀. Owó rẹ̀ ni mo fi ra UPS àkọ́kọ́ tí mo ní. Ó sanwó ilé ìwé. Mi ò ní purọ́ fún yín pé inú mi kò dùn nígbà náà.

Kì í sì í ṣe dumps nìkan. Àwọn ìwé gidi pàápàá gba abẹ́ ẹ̀rọ mi kọjá, àwọn ìwé amọ̀nà ńláńlá tí Sybex, McGraw-Hill àti O'Reilly ń tẹ̀ jáde. Oníbàárà á gbé e wá nínú flash, èmi á tẹ̀ ẹ́, n kò ní bi í pé níbo lo ti rí i. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 kò bá mi lójijì, torí èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ náà kò fàyè gba ohun tí mò ń ṣe. Mo kàn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wá bi mí ni.

Àmọ́ iṣẹ́ yẹn jẹ́ kí n rí ohun kan tí àwọn tó kọ ìwé náà gan-an lè má rí. Àwọn oníbàárà máa ń gbé ìwé padà wá kí n tún wáyà rẹ̀ ṣe. Ìlú wa sì ni eruku dúdú ti ń bọ́ sórí gbogbo nǹkan láti ìparí ọdún 2016, aṣọ lórí okùn, ilẹ̀ ilé, ihò imú. Ojú ewé tí wọ́n bá ṣí dáadáa, ìka ọwọ́ dúdú á wà lára rẹ̀. Nínú àwọn ìwé ńlá wọ̀nyẹn, orí kìíní àti ìkejì á ti dọ̀tí, ìkẹta á ní àmì díẹ̀, láti ibẹ̀ lọ ó funfun bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Dumps ló máa ń dọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi náà wá mọ irú ìwé tí àwọn èèyàn ń rà láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ àti irú èyí tí wọ́n ń kà. N kò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìmọ̀ yẹn máa wúlò fún èmi fúnra mi.

Kì í ṣe ìrònúpìwàdà ló gbé mi débi ìdánwò. Owó ni. Microsoft pa MCSA àti MCSE rẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021, gbogbo àwọn tó ń wá ìwé rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka PDF lórí fóònù, ìtẹ̀wé dín kù, owó tónà ń gòkè. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé kan ládùúgbò fẹ́ kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀ bọ́ sórí Linux, kí wọ́n má bàa máa sanwó Windows. Èmi ni mo ti ń bá wọn tún ẹ̀rọ wọn ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ìdajì tèmi ló nawọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Ó dùn mí wọ egungun, pàápàá nítorí pé ọmọ náà mọ iṣẹ́.

Mo pinnu pé èmi náà á gba ìwé ẹ̀rí Linux. Ìwé wo wá ni kí n kà?

Ẹ ronú sí i. Inú kọ̀ǹpútà mi ni PDF gbogbo ìwé wà. Mo ní ju ohun tí ilé ìkàwé kékeré kan ní lọ, síbẹ̀ n kò mọ èyí tí màá mú. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó tóbi jù, torí mo gbà pé ìwé tó bá wúwo ni ìmọ̀ rẹ̀ á pọ̀. Àmọ́ mo rántí àwọn ojú ewé funfun wọ̀nyẹn, mo sì gbé e sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yanjú lọ́nà tí n kò retí. Ọmọbìnrin kan, ọmọ Kàlàbárí tó ń kàwé ní Rivers State University, wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi. Ìwé rẹ̀ tín-ín-rín, kò tó ohun tí èèyàn ń dì. Mo bi í bóyá èyí tó kù ń bọ̀. Pidgin la jọ ń sọ. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí ni mo máa kà kí n tó mọ ìwé tí màá kà." Àtòjọ ohun tí wọ́n máa béèrè nínú ìdánwò LPIC-1 ni. Linux Professional Institute (LPI) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 ló ń ṣètò ìdánwò náà, àwọn fúnra wọn ló sì gbé àtòjọ ọ̀hún síta lọ́fẹ̀ẹ́. N kò tẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ó jókòó, ó ń fi biro tọ́ka. LPIC-1 jẹ́ ìdánwò méjì, 101 àti 102. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè 60 tí wọ́n ń ṣe láàárín 90 ìṣẹ́jú. Nínú àtòjọ yẹn, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti 1 dé 5, tí èèyàn bá sì ro ìwọ̀n ìdánwò kan pọ̀, 60 ló máa jẹ́. Ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ni iye ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín lórí rẹ̀. Mo gba biro lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nínú ìdánwò 101, abala 103, tó dá lórí àwọn àṣẹ tí a ń tẹ̀ sójú dúdú, nìkan gba 26 nínú 60. Abala 104, tó sọ nípa dísìkì àti fáìlì, gba 14. Abala 102, bí a ṣe ń gbé Linux àti àwọn ètò inú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, gba 12. Abala 101, ara ẹ̀rọ àti bó ṣe ń jí, gba 8. Nínú ìdánwò kejì, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù ni 107.1, ṣíṣe àkóso àwọn tó ń lo ẹ̀rọ àti ẹgbẹ́ wọn. Ìwọ̀n 5 ni.

Ojú mi là. Ìwé tí mo kọ́kọ́ gbé fi ọ̀pọ̀ ojú ewé ṣàlàyé ohun èlò inú ẹ̀rọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2, ó sì sáré kọjá lórí bí a ṣe ń darí ohun tí àṣẹ kan bá sọ lọ sínú àṣẹ mìíràn, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ìwé kan bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí òǹkọ̀wé rẹ̀ gbọ́n tó, ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe kọ́ ló ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi àtòjọ yẹn yẹ ìwé wò. Nọ́ńbà ara èèpo ìwé ni mo kọ́kọ́ ń wò. Èyí tó wà lórí ìdánwò tí mò ń lọ ni 101-500 àti 102-500. PDF tó wọ́pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀dà kẹrin ìwé Sybex tí Christine Bresnahan àti Richard Blum kọ ní 2015, 101-400 àti 102-400 ló kọ síwájú. Mo ti tẹ èyí fún àwọn èèyàn lẹ́yìn tí ìdánwò 400 ti lọ. Kí ni ìyàtọ̀? Ìdánwò 400 ní ẹ̀kọ́ kan lórí SQL, 105.3, nínú 500 wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn oníbàárà mi jókòó há SQL sórí fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n. Wọ́n sì fi 102.6 kún 500, ìyẹn Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ míì, èyí tí kò sí nínú ìwé àtijọ́. Ìwé ìdánwò àtijọ́ dà bí kéèyàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ti kúrò nílùú kí wọ́n tó kọ́ afárá: kò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń júwe kò sí mọ́.

Ohun kejì tí mo wò ni irú Linux tí ìwé náà ń lò. LPIC-1 kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan. 102.4 ń béèrè dpkg àti apt, tí Debian àti Ubuntu ń lò, 102.5 ń béèrè rpm àti yum, tí Red Hat àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń lò. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, 3 àti 3. Mo rí àwọn ìwé tó fi Ubuntu ṣe ohun gbogbo, tí wọ́n wá fi ìpínrọ̀ méjì dúpẹ́ lọ́wọ́ rpm. Mo kó wọn kúrò lórí tábìlì.

Mo ti fẹ́ gbàgbé Red Hat. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé RHCSA, ìwé ẹ̀rí tiwọn, ló yẹ kí n kọ́kọ́ lé, torí òun làwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ jù. EX200 lorúkọ ìdánwò náà. Kò sí ìbéèrè tí èèyàn ń mú A tàbí B níbẹ̀. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún yín, wọ́n á ní kí ẹ ṣe báyìí báyìí, bí ohun tí ẹ ṣe kò bá dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá kú tó sì jí, òfo ni. 210 nínú 300 ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní. Dumps kò fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé ìdí yẹn gan-an ni mo fi sá fún un. Ẹni tó ti fi ọdún pípẹ́ ta ìdáhùn máa ń bẹ̀rù ibi tí kò ti sí ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀.

Síbẹ̀ mo wo àwọn ìwé rẹ̀. Ti Michael Jang, tí McGraw-Hill tẹ̀, lókìkí gan-an, àmọ́ ẹ̀dà keje rẹ̀, tí òun àti Alessandro Orsaria jọ kọ, RHEL 7, ìyẹn Linux ti Red Hat fúnra rẹ̀, ló bá lọ, kò sì sí podman, irinṣẹ́ tó ń darí àwọn kọ̀ntẹ́nà, nínú rẹ̀, nígbà tí ìdánwò ti RHEL 8 àti 9 ń béèrè rẹ̀. Ti Sander van Vugt àti ti Asghar Ghori ń tẹ̀ lé ẹ̀dà RHEL bó ṣe ń jáde, àwọn méjèèjì sì ń fi iṣẹ́ síwájú ẹni. Bí mo bá máa ṣe RHCSA lọ́la, ọ̀kan nínú wọn ni màá mú. Àwọn ìwé kan ṣì ń sọ fún èèyàn pé kó lọ gbé CentOS 8, ẹ̀dà RHEL ọ̀fẹ́, sórí ẹ̀rọ rẹ̀. CentOS Linux 8 ti dópin ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Rocky Linux tàbí AlmaLinux ni ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ gba RHEL gan-an: láti 2021, Red Hat ń jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣètò lò ó lórí ẹ̀rọ tó tó 16 láìsanwó. Ẹni tó bá ń ra RHEL oníjìbìtì ní ìgboro wa, kí ló ń rà gan-an?

Padà sórí LPIC-1. Ohun tó kẹ́yìn nínú àyẹ̀wò mi ló sọ mí di ẹni tó ń kàwé. Màá ṣí ìwé sí ibi tó ti sọ nípa /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí dísìkì kọ̀ọ̀kan máa wà nígbà tó bá jí. Tí èèyàn bá kọ ìlà kan níbẹ̀ láṣìṣe, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti jí dáadáa. Ìwé tó bá ṣàlàyé bí ìlà náà ṣe rí, tí kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá bàjẹ́ àti bí a ṣe ń jáde kúrò nínú rẹ̀, n kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí amọ̀nà. Àwọn tí a ń bá ṣiṣẹ́ kì í pe èèyàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ geerege.

Ìwé méjì ló kù lórí tábìlì mi. Èkíní ni ẹ̀dà karùn-ún ìwé Bresnahan àti Blum, èyí tó kọ 101-500 àti 102-500 síwájú. Ó ní ìbéèrè ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn wọn sì wà lẹ́yìn ìwé. Èyí dára, ó sì léwu fún irú èmi, torí ìka mi ti mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ìwé. Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí LPI fúnra wọn kọ sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kọ́ kan fún ohun kan nínú àtòjọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, oríṣi ìdánrawò méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yín, àti èyí tó ń lé yín jáde lọ wá ohun tí wọn kò sọ. Oríṣi kejì yẹn ló fìyà jẹ mí, òun náà ló kọ́ mi. Àṣẹ tí wọ́n fún wa lórí rẹ̀ sì yé mi dáadáa: a lè tẹ̀ ẹ́, a lè pín in, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ yí i padà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣòwò. Ìwé kan ṣoṣo tó sọ fún mi pé mo lè tẹ òun nìyẹn, èmi tí mo ti tẹ àwọn tó ní kí n má tẹ àwọn.

Mo tẹ̀ ẹ́ fún ara mi. Ní D-Line, bébà ṣì níyì. Fídíò ẹ̀kọ́ ń jẹ data, iná sì ń lọ nígbà tó bá wù ú. Ojú ewé kò ní kú mọ́ yín lójú. Màá ka ẹ̀kọ́ lórí bébà lálẹ́, tí iná bá dé tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, màá ṣí VirtualBox lórí laptop àlòkù mi, Debian nínú àpótí kan, Rocky nínú èkejì, màá tẹ gbogbo ohun tí mo kà. Ẹ̀rọ náà kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi máa ń bi mí pé ta ni mò ń bá jà nínú dúdú yẹn.

Ìwé Bresnahan àti Blum, mo ní PDF rẹ̀, ẹ ti mọ̀. N kò fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ kó yé yín dáadáa. Bóyá torí pé àwọn tó kọ ọ́ ń bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ojú ń tì mí. Rírà rẹ̀ kò rọrùn. Ìparí ọdún 2022 làwọn báńkì ti dá káàdì náírà dúró fún ìnáwó òkè òkun, oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá ipò tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 kọjá 1,500 kó tó di ìparí oṣù kejì ọdún 2024. Owó ìdánwò pàápàá, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e. Àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, ló ra ìwé náà, ó sì fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Nígbà tó dé, mo gbọ́ òórùn bébà tuntun, mo sì ro iye tí èmi máa ń gbà láti tẹ irú rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún àbúrò mi.

Nígbà tí ìdánwò ku díẹ̀, ìdẹwò dé. Oníbàárà mi àtijọ́ kan, tó ti gbọ́ pé mò ń kàwé, fi dumps 101-500 ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìmoore. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ ti ràn wá lọ́wọ́ nígbà tiwa." Mo ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu mímọ́ sọ̀rọ̀: mo ṣí i. Ibi tí ojú mi kọ́kọ́ bà ni ọ̀rọ̀ umask, tó ń pinnu àṣẹ tí fáìlì tuntun máa ní. Bí umask bá jẹ́ 022, fáìlì tuntun tí èèyàn bá dá á ní 644, àpò fáìlì ló máa ní 755. Ẹni tó to ìdáhùn yẹn fi 755 sábẹ́ fáìlì. Mo lọ sórí Debian mi, mo dá fáìlì, mo wò ó. 644.

Mo jókòó síbẹ̀. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi kì í ṣe ìdánwò mi mọ́. Àwọn tí mo ti ta irú ìwé yìí fún ni mò ń rò, tí wọ́n há 755 sórí ní àìmọye ọ̀nà, tí àwọn kan nínú wọn ń ṣọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ èèyàn báyìí. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ kò lè mọ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀, torí n kò mọ nǹkan kan. Owó ojú ewé ni mò ń kà. Mo pa á rẹ́ lórí fóònù. Bí ẹ bá ní ìwà mímọ́ ni, ẹ̀ ń yìn mí lásán. N kò fọkàn tán an mọ́ ni.

Ìdánwò náà kò le bí mo ṣe rò, kò sì rọ̀. Ìbéèrè kan wà tí èèyàn ń mú ìdáhùn, èyí kan sì wà tí wọn kò fún yín ní nǹkan kan: àyè òfìfo ni, kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ orúkọ àṣẹ tàbí fáìlì síbẹ̀, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ibẹ̀ ni ìka mi ti gbà mí. Láti 200 dé 800 ni wọ́n ń fi máàkì fúnni, 500 sì ni ẹnu ọ̀nà. Mo kọjá nínú 101, lẹ́yìn náà mo kọjá nínú 102. Ọdún márùn-ún ni ìwé ẹ̀rí náà máa fi wà láàyè.

Ilé ìwé yẹn kò pè mí padà. Ọmọkùnrin wọn ń ṣe dáadáa, mo sì ti bá a jókòó rí lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ kan tó ń ṣèyọnu. Àwọn míì ti ń pè mí. Ìsọ̀ mi ṣì ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ṣùgbọ́n n kò tẹ dumps mọ́, àwọn tó bá béèrè rẹ̀ máa ń sọdá lọ sí òdìkejì, mi ò sì ní ẹnu tí mo fi máa bá wọn wí. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á lọ́wọ́ mi ti di ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà níbì kan nílùú yìí. Tó bá ń kọjá, á dá ọkọ̀ dúró kí mi, á máa sọ fún àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé èmi ni mo ran òun lọ́wọ́. Màá rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò tíì rí ohun tí màá fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe LPIC-1, ẹ kọ́kọ́ tẹ àtòjọ ìdánwò láti ọ̀dọ̀ LPI, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó kò sí rárá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ LPI àti laptop àlòkù kan tó; bí owó bá wà, ẹ fi ìwé Bresnahan àti Blum tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ìdánwò yín mu kún un. Fún RHCSA, RHEL 10 ti jáde ní 2025, ẹ béèrè ẹ̀dà tí ìdánwò yín bá lọ kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí ìwé van Vugt tàbí ti Ghori. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rántí pé lọ́wọ́ mi ni òun ti ra dumps ní D-Line, kó jọ̀ọ́ yẹ ìdáhùn umask rẹ̀ wò.